Nọ́ọ̀sì Tí Kò Fẹ́ Kí N Kọ Orúkọ Òun

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo lè pariwo. Kì í sì í ṣe ìtàn tí ẹnì kan sọ fún mi tí mo wá ń bu iyọ̀ sí. Ó ṣojú mi kòrókòró, ní Ọ̀fà, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń ràn yòò. Ara mi yá lọ́jọ́ náà. Mi ò mutí. Ibà kò mú mi.

Bí ẹ bá ní kí n búra, n ó búra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa gbà mí gbọ́ kò ní béèrè ìbúra, ẹni tí kò sì ní gbà mí gbọ́, bí mo tilẹ̀ fi eyín gé irin, kò ní gbà.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe nígbà náà, ṣùgbọ́n mi ò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Èmi nìkan ni mò ń rìn, tí mò ń wádìí, tí mò ń kọ ọ́, tí mò ń fi ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ní Ìbàdàn àti Èkó. Èyí tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbà. Lásìkò yẹn, réluwéè ṣì ń fọn fèrè kọjá láàárín ìlú wa, ọ̀kadà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ lójú títì. Kò sí fóònù alágbèéká. Bí o bá ń wá ẹni tí o fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, ẹsẹ̀ rẹ ni wàá fi wá a.

Ẹsẹ̀ tèmi kì í sì í dúró. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, máa ń sọ pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ inú réluwéè ni wọ́n ti bí mi. Bí mo bá jókòó sílé fún ọjọ́ méjì, ara mi ò ní balẹ̀, á máa ṣe mí bíi pé ẹnì kan wà níbì kan tó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ tí mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Olóòtú kan ní Ìbàdàn wá ránṣẹ́ sí mi pé òun fẹ́ ìròyìn lórí ọ̀rọ̀ ìbímọ. Kí ló dé tí àwọn aboyún fi ń sá fún ọsibítù? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń sá lọ? Ó ní òun ò fẹ́ àgbọ́sọ o. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni kí n wá, kó la ẹnu rẹ̀ sọ ọ́.

Mo wá a títí. Dókítà kan ní Ìlọrin ní kí n dúró de òun, mo dúró títí oòrùn fi wọ̀, ó wá ní òun ò lè sọ̀rọ̀ láìgba àṣẹ. Ìyá agbẹ̀bí kan ní Òjòkú gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀, ó se iṣu fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánò nìkan ló sọ títí mo fi dìde. Ìwé mi ṣófo. Olóòtú sì ń retí.

Mátíróònù ọsibítù kan tí mo mọ̀ dáadáa ló wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́jọ́ kan.

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé o ti dé ọ̀dọ̀ Mọ́mì Nọ́ọ̀sì?"

Mo ní, "Èwo ni Mọ́mì Nọ́ọ̀sì?"

"Ẹ̀yìn ibùdó réluwéè, nílé Alhaja Rábíátù tó ń ta aṣọ. Àwa gan-an, èyí tó bá ti fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, òun là ń ránṣẹ́ pè. Mi ò tíì rí ọwọ́ tó dà bí ọwọ́ obìnrin yẹn." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ o."

Bí mo ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn.

Alhaja ló kọ́kọ́ gbà mí. Ó mọ bàbá mi, nítorí náà "ọmọ Tíṣà" ló ń pè mí. Mo bi í pé níbo ni Mọ́mì Nọ́ọ̀sì ti wá. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní ṣe ni obìnrin náà kàn dé lọ́jọ́ kan, ó gbé báàgì kan dání, ó bá ìyàwó ọmọ òun tó ń rọbí nínú ilé, tí gbogbo wọn ti ń sunkún. Ó béèrè omi gbígbóná, ó wọlé, ó gbẹ̀bí. Nígbà tó jáde, ó ní ṣé àwọn ní yàrá tí èèyàn lè gbé.

Alhaja ní, "Ọmọ Tíṣà, ìwọ ń béèrè ibi tó ti wá. Èmi, ibi tó dé ni mo mọ̀."

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni. Aṣọ nọ́ọ̀sì funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà kánfáàsì funfun ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó mọ́ nigín. Kò dàgbà púpọ̀. Ó gbà láti bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó. Mo fi àga lọ̀ ọ́, ó ní rárá. Ó ń rìn láti ìdí fèrèsé dé ìdí ìlẹ̀kùn, ó ń to àwo tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀, ó ń ká aṣọ tí wọ́n ti ká.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ sinmi díẹ̀."

Ó ní, "Bí mo bá jókòó, mi ò ní dìde mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ohun kan tún wà. Kẹ́tùrù ń hó lórí sítóòfù. Ó gbé e, ó da omi náà sínú báàfù, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ báyìí. Èéfín omi náà ń ta mí lójú níbi tí mo wà. Kò mira. Mo sọ fún ara mi pé bóyá ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì máa ń le bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, èèyàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ parọ́ fún etí ara rẹ̀ tó bá ń wá ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn. Ó ní kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni àwọn aboyún ń sá fún, kì í sì í ṣe oògùn. Ó ní èébú ni. "Wọ́n á ní, 'Ṣé a wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe é?' Obìnrin tó ń rọbí á gbọ́ ọ, kò ní gbàgbé rẹ̀ títí ayé. Ìgbà mìíràn, ilé ni yóò kú sí kó má bàa tún gbọ́ ọ."

Mo ń kọ, mo ń kọ. Mo wá bi í pé bí ọmọ bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kí ló máa ń kọ́kọ́ ṣe.

Ìgbà yẹn nìkan ló dúró lójú kan. Ó ní, "Mo máa ń kí i. Ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀, àfi kéèyàn kí i. Mo máa ń sọ pé, 'Ẹ kú ìrìn o, àgbà. Ẹ fìdí kalẹ̀, kò síbi tí à ń lọ mọ́.'"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní, "Má kọ orúkọ mi. Má ya fọ́tò mi. Kọ ọ́ pé nọ́ọ̀sì kan ní Ọ̀fà, ó ti tó."

Kò yà mí lẹ́nu. Àwọn èèyàn ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wa lójoojúmọ́, pàápàá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Mo ṣèlérí fún un.

Ó ní, "Ìwé yìí, ibo ló ń dé?"

"Ìbàdàn, Mà. Òṣogbo. Ìlọrin. Díẹ̀ ń dé Èkó."

"Kì í dé apá Ọ̀wọ̀?"

"Bí mo ṣe mọ̀, kì í dé ibẹ̀."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa."

Mo ti jáde sí àgbàlá kí n tó rántí ìbéèrè kan. Mo yíjú padà, mo rí i tó ń lọ sẹ́yìnkùlé, mo pè é, "Mọ́mì!" Kò dáhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò dáhùn. Mo sáré yí i ká, mo bọ́ síwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà pátápátá, ó dà bíi ti ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà.

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Má pe èèyàn látẹ̀yìn lọ́sàn-án. Jọ̀ọ́, ọmọ mi."

Mo kọ ìròyìn náà. Mo ṣe gbogbo bó ṣe wí. Kò sí orúkọ rẹ̀, kò sí fọ́tò rẹ̀, mi ò tilẹ̀ kọ orúkọ àdúgbò. Olóòtú fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó mú ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì fi ń kí àwọn ọmọ, ó fi ṣe àkọlé gàdàgbà lókè ojú ewé.

Oṣù ń gorí oṣù. Àbúrò mi Fúnkẹ́ lóyún. Iṣẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí Jọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ wa nílé ló sì wà. Èmi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ Mọ́mì Nọ́ọ̀sì. Ta ni mo tún fẹ́ mú un lọ bá? Ẹni tí mo ti fẹnu ara mi yìn fún gbogbo ayé.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Mo dá takisí dúró, a dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Mọ́mì Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó ní kò ní pẹ́ jù, kò sì ní yá jù. Ó mú un wọ yàrá, ó fa kọ́tìnnì. Ó ní kí n dúró síta.

Alhaja wẹ̀, ó múra, ó lọ kírun Jímọ̀ pẹ̀lú gbogbo ará ilé rẹ̀. Kò pẹ́ tí àdúgbò fi dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọ̀fà lọ́sàn-án Jímọ̀, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ṣọ́ọ̀bù tì, ọ̀nà ṣófo, oòrùn dúró gangan lórí páànù. Kò sí réluwéè, kò sí ọ̀kadà. Gbogbo ohun tí mò ń gbọ́ ni Fúnkẹ́ tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, àti ẹsẹ̀ Mọ́mì Nọ́ọ̀sì tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí símẹ́ńtì, lọ bọ̀, lọ bọ̀.

Èmi náà ò lè jókòó. Mo dìde, mo jókòó, mo dìde.

Ìgbà náà ni mo rí obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá.

Ọ̀dọ́bìnrin ni, yóò tó ẹgbẹ́ mi. Báàgì ìrìn-àjò wà léjìká rẹ̀, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fi ìwé kan há abẹ́ apá. Ó kí mi dáadáa, ó ní òun ti ń kiri láti àárọ̀, òun ń béèrè nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n kọ̀ròyìn nípa rẹ̀.

Ó na ìwé náà sí mi. Ojú ewé mi ni. Epo ti rin ín jìnnà, ó ti fẹ́ ya sí méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, inú mi dùn. Mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́! Níbo lẹ ti rí i?"

Ó ní àkàrà ni òun rà ní gáréèjì Ìkàrẹ́, ìwé tí wọ́n fi wé e nìyẹn. Ó ní àkàrà bọ́ lọ́wọ́ òun nígbà tí òun ka àkọlé rẹ̀. Ó wá sún mọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ jọ̀ọ́. Ta ló sọ gbólóhùn yìí fún yín?"

Mo ní nọ́ọ̀sì náà ni.

Ó ní, "Ìyá mi nìkan ló ń sọ ọ́. Ní Ọ̀wọ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Ìyá mi ti kú."

Mo na ìwé náà padà sí i.

"Ibi tó ti ń bí àbúrò mi ló kú sí. Òjò ń rọ̀, bàbá mi ò sí nílé, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ò dúró. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bo àwọn méjèèjì." Ó fi ìka tọ́ka sí àkọlé ìwé náà. "Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ obìnrin yìí ní ọ̀rọ̀ náà ni. Bóyá wọ́n jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ rí."

Nígbà náà ni Mọ́mì Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Kò ju pé ó ní, "Rọra mí, Fúnkẹ́. Rọra."

Mo rí i bí ojú obìnrin náà ṣe yí. Ó ti mọ ohùn yẹn. Báàgì bọ́ léjìká rẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń pè ní àkúdàáyà. Ẹni tó kú ní ìlú kan, tó lọ ń gbé ní ìlú mìíràn, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń rìn láàárín àwọn èèyàn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ojúlùmọ̀ bá rí i, tó pè é, ọjọ́ náà ló máa pòórá. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, mo máa ń fi rẹ́rìn-ín ni. Ẹ gbọ́, ẹ̀rín kò wá sọ́nà ọ̀fun mi lọ́jọ́ náà. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bí obìnrin yìí bá la ẹnu rẹ̀, àbúrò mi á ku òun nìkan nínú yàrá yẹn.

Mo dì í mú lápá. Ó ń tì mí. Kò sí èyí tó pariwo nínú àwa méjèèjì.

Mo sọ ọ́ sí i létí, "Àbúrò mi wà níbẹ̀. Ó ń bímọ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é."

"Ìyá mi ni."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wálẹ̀ ná. Ẹ fi Ọlọ́run ṣe é."

"Ìyá mi ni," ó tún wí, omi ti ń dà lójú rẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú yàrá dúró.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Fúnkẹ́ gan-an dákẹ́. Ohùn Mọ́mì Nọ́ọ̀sì wá láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó sún mọ́ wa ju bí mo ṣe rò lọ.

"Ta lẹ jọ ń sọ̀rọ̀ níta?"

Mo ní, "Àlejò ni, Mà."

Ó ní, "Ní kó dúró dè mí. Mo ń bọ̀. Ní kó má tíì pè mí."

Obìnrin náà ki etí ìró rẹ̀ bọ ẹnu, ó dì í mọ́ eyín, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná. Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo dì í mú, òun náà dì mí mú, a dà bí àwọn tí omi ń gbé lọ.

Fúnkẹ́ ké lẹ́ẹ̀kan. Ó tún ké. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ igbe ọmọ.

A gbọ́ ọ nígbà tó kí ọmọ náà. Obìnrin tó kúnlẹ̀ tì mí ń bá a sọ ọ́ nínú ìró tó kì bọ ẹnu, láìjẹ́ kí ohùn jáde.

A gbọ́ báàfù. A gbọ́ tó ń bá Fúnkẹ́ sọ nǹkan kan, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó rọra ń bọ̀. Mo wo abẹ́ kọ́tìnnì. Mo rí bàtà kánfáàsì funfun méjèèjì tó dúró níbẹ̀, tí orí wọn kọjú sí wa.

Ó dúró. Ó dà bíi pé òun náà ń bẹ̀rù.

Obìnrin náà yọ aṣọ kúrò lẹ́nu. Kò pariwo. Ó pè é bí ọmọ ṣe ń pe ìyá rẹ̀ tó bá jí lójú oorun. "Mọ́mì?"

Atẹ́gùn kan kò fẹ́, ṣùgbọ́n kọ́tìnnì mì. Mo dìde, mo fà á.

Bàtà nìkan ló wà níbẹ̀. Méjèèjì. Kò sí ẹsẹ̀ nínú wọn.

Yàrá yẹn, ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní. Irin wà lójú fèrèsé rẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń béèrè.

Fúnkẹ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wà láyà rẹ̀, wọ́n ti gé ìwọ́ rẹ̀, wọ́n ti dì í dáadáa. Ó ní, "Àǹtí mi, Mọ́mì dà? Ṣebí ó ti jáde sí yín?" Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹ̀jẹ̀. Ibi ọmọ kò tíì wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnu Fúnkẹ́ ti ń funfun.

Orí mi fò lọ. Kò sẹ́ni kankan ládùúgbò. Mo ti yíjú sẹ́nu ọ̀nà láti sáré nígbà tí obìnrin náà kọjá lára mi.

Títílayọ̀ ni orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ ọ́n. Tíṣà ni. Ó sọ fún mi nígbà tó yá pé láti ọjọ́ tí ìyá òun ti kú, òun kì í dé ibi tí wọ́n bá ti ń bímọ, ìsọmọlórúkọ gan-an òun kì í lọ. Ṣùgbọ́n ó ki ọwọ́ rẹ̀ bọ omi tó wà nínú báàfù, ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lé ìsàlẹ̀ ikùn Fúnkẹ́. Ó ní kí n gbé ọmọ sí i lọ́mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ikùn náà, yíká, yíká.

Ó di ojú rẹ̀. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Ó rọra ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, ó tún ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Mo ti rí i."

Mi ò rí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri ni mo rí, àti aṣọ nọ́ọ̀sì kan tó so mọ́ ìṣó. Ṣùgbọ́n òtútù kan wọ yàrá náà, lọ́sàn-án yẹn, lábẹ́ páànù yẹn, tí mo fi fa aṣọ bo ọmọ.

Ibi ọmọ wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dá.

Nígbà tí Alhaja ti mọ́sáláṣí dé, ó bá Títílayọ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó gbé bàtà méjèèjì lé itan. Alhaja wò ó lójú, ó wo bàtà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ Jímọ̀ lọ́rùn.

Ó ní, "Ìwọ lo jọ ọ́ tó báyìí?" Kò béèrè ohun mìíràn.

Títílayọ̀ sọ fún wa pé ọwọ́ kan wà lórí ọwọ́ òun ní gbogbo ìgbà tí òun ń ra ikùn yẹn. Ó ní ó tutù bí omi inú àmù. Ó ní òun ò bojú wẹ̀yìn, nítorí ẹ̀rù ń ba òun pé bí òun bá wò ó, yóò lọ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dá, ọwọ́ náà kúrò. Ó ní òun wá yíjú padà. Ògiri.

Ó jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò jẹun. Ó wá bi mí, bí ọmọdé ṣe ń béèrè nǹkan: "Ṣé ó sanra díẹ̀? Ṣé ara rẹ̀ le?"

Mo ní ara rẹ̀ le. Mo sọ bó ṣe ń rìn fún un, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bí àwọn obìnrin ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó fetí sí i, ó ń mi orí. Nígbà tó ń lọ, Alhaja ní kó jẹ́ kí àwọn sun bàtà náà. Ó kọ̀. Ó kó o sínú báàgì rẹ̀, ó sì lọ sí gáréèjì. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

A sọ fún ìlú pé Mọ́mì Nọ́ọ̀sì rìnrìn-àjò. Ó pẹ́ tí àwọn aboyún fi ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí wọ́n ń retí rẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn kì í ṣe bàtà, kì í sì í ṣe òtútù yẹn. Ọ̀rọ̀ tí Fúnkẹ́ sọ fún mi lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ ni. Mo bi í pé kí ni Mọ́mì Nọ́ọ̀sì sọ fún un kó tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fúnkẹ́ kò mọ nǹkan kan nípa Ọ̀wọ̀ nígbà náà, mi ò tíì sọ fún un. Ó ní ó fọwọ́ pa òun lórí, ó ní, "Ọmọ mi wà níta. Jẹ́ kí n lọ wò ó."

Ẹ gbọ́ mi. Ó mọ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ sá. Ó ń bọ̀ wá bá a ni. Ṣé bí a kò bá pè é, ì bá jáde sí wa? Ṣé ì bá gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan? Àbí bó ṣe máa lọ náà nìyẹn, pè é tàbí má pè é? Mo ti fọ̀rọ̀ wá ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu wò láyé mi, mi ò tíì rí ẹni tó lè dá mi lóhùn ìyẹn.

Nígbà kan, obìnrin kan tí a jọ wọ ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kan ní apá Kàbà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ọwọ́ rẹ̀ dára, tí kì í jókòó. Èmi tí ẹsẹ̀ mi kì í dúró, mo dé gáréèjì lọ́jọ́ kejì. Mo wọ ọkọ̀ Kàbà. Mo jókòó sẹ́yìn dẹ́rẹ́bà. Nígbà tí ọkọ̀ ku èrò kan kó kún, mo sọ̀ kalẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń wá èèyàn kiri láti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ má kọ orúkọ òun, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn, orúkọ ni. Bí ẹ bá sì wà nílùú onílùú, tí ẹ rí ẹni tí ẹ ti bá wọn sin, lọ́sàn-án gangan, tó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu yín. Ẹ wò ó kó tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì tí kì í jókòó yẹn, mi ò mọ ìlú tó wà báyìí. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ má wá sọ fún mi.